Ìrìn àjò ẹgbẹ́ sí Salvador ní Bràsíl: ọ̀nà wo lẹ máa gbà wọlé, àdúgbò wo lẹ sì máa sùn?

Ìbéèrè méjì ló yẹ kí ẹni tó ń ṣètò ìrìn àjò ẹgbẹ́ lọ sí Salvador kọ́kọ́ dáhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye owó hòtẹ́ẹ̀lì. Àkọ́kọ́: ìgbà wo nínú ọdún lẹ máa balẹ̀? Èkejì: ta ló dàgbà jù nínú yín, báwo sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lágbára tó? Ẹgbẹ́ tó bá dáhùn méjèèjì dáadáa kì í ṣi àdúgbò mú. Ẹgbẹ́ tó bá wo ẹ̀dínwó nìkan, ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í tíì parí tí ìkùnsínú fi máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìlú náà sì tó ohun tí èèyàn ń múra dè. Àwọn Pọtogí dá a sílẹ̀ ní 1549, òun ló sì jẹ́ olú ìlú Bràsíl títí di 1763. Ibẹ̀ ni wọ́n já ọ̀pọ̀ èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sí, pàápàá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká. Ohun tí wọ́n gbé sọ́kàn kọjá òkun kò parun. Òrìṣà wà níbẹ̀, àkàrà ń hó nínú epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìlù kò sinmi. Fún ọmọ Yorùbá, ìrìn àjò yìí ju ká lọ wẹ̀ létíkun lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbalẹ̀ ṣeré.

Lisbon tàbí São Paulo

Ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí ìlú mìíràn ní Yúróòpù bọ̀, Lisbon ni kó gbà. Ọkọ̀ òfurufú TAP ti ilẹ̀ Pọ́túgàl máa ń fò láti ibẹ̀ lọ sí Salvador tààrà, ó sì máa ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀. Salvador gan-an ni wọ́n á ti lu páspọ́ọ̀tù yín lóǹtẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹrù yín á ti jáde. Wàhálà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ sábà máa ń gba Addis Ababa tàbí Doha dé São Paulo, kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé, tó ń lò ju wákàtí méjì lọ díẹ̀, dé Salvador. Ọ̀nà yìí dára, àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ àfi tí wọ́n bá débẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú Guarulhos ní São Paulo ni ẹ ti máa ṣe ètò ìwọ̀lú. Ibẹ̀ lẹ ti máa gba ẹrù yín, ẹ ó gbé e kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè, ẹ ó sì tún fà á lé ọkọ̀ òfurufú kejì lọ́wọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ti kọ Salvador sára rẹ̀ láti Èkó. Ẹnì kan ṣoṣo lè sáré ṣe é láàárín wákàtí méjì. Ẹgbẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ẹni tí báàgì rẹ̀ jáde kẹ́yìn ló ń pinnu ìgbà tí gbogbo yín á kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá ju èèyàn mẹ́wàá lọ, ẹ má jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì dín ní wákàtí mẹ́rin. Kí gbogbo ìrìn náà sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, kó má jẹ́ pé ẹ ra ti abẹ́lé lọ́tọ̀ nítorí pé ó fi díẹ̀ dín. Tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì sì já yín sílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ló máa mú kó di ẹrù iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà láti wá ọkọ̀ mìíràn fún yín.

Ọ̀rọ̀ físà náà lè pín ẹgbẹ́ sí méjì. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Bràsíl kó tó gbéra. Ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀ fún ìgbafẹ́ tí kò ju 90 ọjọ́ lọ. Ẹni tó ní ti Amẹ́ríkà ti padà di ẹni tó ń gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 10 Oṣù Kẹrin 2025. Ẹ fi èyí kún un: Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Yúróòpù ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ wọn, kódà tí wọn ò bá ní jáde kúrò nínú pápákọ̀ òfurufú, àfi àwọn tó bá ní irú ìwé ìgbélùú tí òfin yọ̀ǹda. Nítorí náà, tí àwọn kan nínú yín bá ń lo páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ má kàn sọ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ pàdé ní Lisbon. Kí oníkálukú gba ọ̀nà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹ sì pàdé ní Salvador. Mo mọ̀ pé ó wu èèyàn kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ balẹ̀ pẹ̀lú aṣọ kan náà lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yẹ nínú kí wọ́n dá ìyá ẹni dúró ní ojú ọ̀nà.

Kí ẹ dé lọ́jọ́ tí ètò bẹ̀rẹ̀, tàbí lọ́jọ́ kan ṣáájú

Àwọn tó ń ta ètò ìrìn àjò sábà máa ń ní bọ́ọ̀sì kan tó ń dúró dè yín ní wákàtí kan pàtó. Ẹni tó bá dé lọ́jọ́ yẹn, tó sì bá wákàtí náà, kò ní san owó ọkọ̀ mìíràn, amọ̀nà á sì gbé káàdì orúkọ ẹgbẹ́ dání níbi àbájáde. Ẹni tó dé lọ́jọ́ kan ṣáájú á san owó oorun alẹ́ kan lé e, á sì wá ọ̀nà dé hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀.

Lójú mi, owó alẹ́ kan yẹn tọ́ ní sísan. Wákàtí mẹ́rin ni aago Salvador fi wà lẹ́yìn ti Èkó: nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ni lára yín ṣì ń kà. Tí ẹ bá balẹ̀ lónìí tí ètò bá sì bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ á máa tòògbé nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí amọ̀nà bá ń sọ̀rọ̀. Báàgì tó bá sọnù lọ́nà náà á ní ọjọ́ kan láti fi bá ẹni tó ni ín. Ìgbà kan péré ni mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀: àsìkò Carnaval, tí ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kì í ta alẹ́ kan lásán, wọ́n á ní kí ẹ ra ọ̀pọ̀ alẹ́ pọ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi oníṣòwò ìrìn àjò yín ní ìbéèrè yìí, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ: tí ọkọ̀ òfurufú wa bá pẹ́, ṣé bọ́ọ̀sì á dúró, fún wákàtí mélòó, ta ló sì máa san owó takisí ẹni tó bá ṣẹ́kù? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn kankan fún yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Láti pápákọ̀ òfurufú dé ibi ìsùn

Pápákọ̀ òfurufú Salvador fi nǹkan bí kìlómítà 28 jìnnà sí àárín ìlú àtijọ́. Bí ẹ bá ti ń jáde, ẹ ó gba abẹ́ igi oparun tó tẹ orí pọ̀ mọ́ra lókè títì. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà dín eré kù díẹ̀ níbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ló dára jù tí ẹ bá pọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Takisí tí wọ́n ń san owó rẹ̀ ṣáájú níbi káńtà nínú pápákọ̀ òfurufú wọ́n ju Uber lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó, ẹ ò sì nílò fóònù tó ní íntánẹ́ẹ̀tì. Fún èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó dé lálẹ́ láìgbọ́ èdè Pọtogí, takisí ni kí wọ́n mú.

Ọkọ̀ ojú irin tún wà. Ibùdó rẹ̀ ti pápákọ̀ òfurufú ṣí ní 2018, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló sì ń gbé èèyàn láti ẹnu ọ̀nà ìbalẹ̀ lọ bá a. Owó rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ ó yí ọkọ̀ pa dà ní Acesso Norte, ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Lapa, láàárín ìlú. Kò dé Barra, kò dé Rio Vermelho, kò sì dé ẹnu ọ̀nà Pelourinho, àwọn àdúgbò tí mo máa tó sọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀dọ́ tó gbé báàgì kan kọ́ ẹ̀yìn lè gbà á lọ́sàn-án. Ẹni tó gbé báàgì ńlá méjì wá láti Èkó, kó má dán an wò.

Barra, Pelourinho, Rio Vermelho, Itapuã

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Barra wà ní ṣóńṣó ìlú, níbi tí òkun gbalasa ti pàdé omi ńlá tó wọnú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Baía de Todos os Santos. Ilé iná atọ́kọ̀ ojú omi ń bẹ níbẹ̀ nínú odi àtijọ́, etíkun Porto da Barra kò sì tó kìlómítà kan sí i. Ìwọ̀ oòrùn ni etíkun yìí kọjú sí, omi rẹ̀ sì ń rọra lọ, nítorí pé ìgbì òkun ńlá kì í dé ibẹ̀ tààrà. Màmá ẹni àádọ́rin ọdún lè wọ inú omi dé orókún láìsí ìbẹ̀rù. Ojú ọ̀nà tó so etíkun mọ́ ilé iná náà tẹ́jú, a sì lè rìn ín lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ á lè súnmọ́ ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, ilé oògùn wà nítòsí, ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó wà. Àléébù rẹ̀ ni pé èrò máa ń kún Porto da Barra lópin ọ̀sẹ̀ débi tí ẹ ò ní rí ibi tẹ́ aṣọ sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè iye owó àga àti agboòrùn kí ẹ tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì fi fóònù sórí iyanrìn lọ wẹ̀.

Pelourinho ni ìlú àtijọ́, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní 1985. Tí ó bá jẹ́ ìtàn lẹ bá lọ, kò sí ibi tó jọ ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos wà níbẹ̀, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn kọ́ nígbà oko ẹrú. Tí ẹ bá wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ wọlé lọ gbọ́ ìsìn wọn pẹ̀lú ìlù. Ilé ìkóǹkanpamọ́sí Áfíríkà ti yunifásítì Bahia wà ní gbàgede Terreiro de Jesus, níbi tí àwọn òrìṣà tí oníṣẹ́ ọnà Carybé gbẹ́ sára pákó ńláńlá dúró sí. Ẹ fún ibẹ̀ ní wákàtí méjì ó kéré tán. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí wọ́n sáré mú kọjá níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì dùn mí dé egungun, nítorí pé Ògún, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Ọ̀ṣun àti Ṣàngó ni wọ́n ń kọ ẹ̀yìn sí. Casa do Benin náà kò jìnnà, níbi tí àwọn ohun tí Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ Faransé, kó jọ láti ẹkùn tiwa wà.

Àmọ́ kí ẹgbẹ́ *sùn* ní Pelourinho, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà rẹ̀, òkúta tí kò dọ́gba, ó sì ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ọkọ̀ kì í wọ ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀, bọ́ọ̀sì á já yín sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì fi ọwọ́ gbé ẹrù dé ilé. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura tó wà níbẹ̀ jẹ́ ilé àtijọ́ alájà tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Etíkun kò sí níbẹ̀ rárá. Ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí ọjà Mercado Modelo wà, lẹ máa fi Elevador Lacerda sọ̀ kalẹ̀ sí: ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ti ń lò láti 1873, tó sì ga ní mítà 72. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ gba àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Tí ẹgbẹ́ yín bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò pọ̀, tí ẹ sì ní ọjọ́ méjì péré, ẹ sùn níbẹ̀ kí ẹ lè rí àárọ̀ ibẹ̀ kí èrò tó dé. Tí àgbà bá wà nínú yín, ẹ lọ lọ́sàn-án, kí ẹ padà sí Barra lálẹ́.

Rio Vermelho ni èmi fẹ́ràn jù, mi ò ní fi pamọ́. Ó wà láàárín Barra àti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin tó ń din àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, máa ń jókòó pẹ̀lú aṣọ funfun àti gèlè ní gbàgede Largo de Santana àti Largo da Mariquita. Ẹ̀wà funfun náà ni, epo pupa náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n á là á láàárín, wọ́n á sì fi edé gbígbẹ, ilá àti ọbẹ̀ tó ki tí wọ́n fi àgbọn àti kajú sè kún inú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba edé, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2005 ni ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin yìí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Létí omi, ilé kékeré Yemọja wà, àwọn apẹja ló ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí Rio Vermelho kò ní ni ìdákẹ́jẹ́: orin àti ariwo ilé ọtí máa ń wọ òru, pàápàá lọ́jọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Òkúta sì pọ̀ létí òkun rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ á wọ takisí lọ sí Barra. Fún ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tó ń tètè sùn, ibẹ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Itapuã wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú, pẹ̀lú igi àgbọn, ilé iná tirẹ̀, àti adágún Abaeté tí omi rẹ̀ dúdú láàárín òkìtì iyanrìn funfun. Ó tutù lójú, hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì máa ń rọjú. Ṣùgbọ́n sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á jẹ́ kí ẹ lo ju wákàtí kan lọ kí ẹ tó dé Pelourinho, ẹ ó sì tún lo irú rẹ̀ ní bíbọ̀. Àwọn tó ń ta ètò olówó pọ́ọ́kú máa ń kó ẹgbẹ́ sí apá ibẹ̀, wọ́n á sì kọ "Salvador" sórí ìwé. Ẹ wo orúkọ àdúgbò kí ẹ tó san. Alẹ́ tó kẹ́yìn ni Itapuã wúlò fún, tí ọkọ̀ òfurufú yín bá jẹ́ ti ìdájí.

Ọjọ́ tó lè yí gbogbo rẹ̀ padà

Ní 2 Oṣù Kejì, ọdún Yemọja, Rio Vermelho á kún fọ́fọ́. Láti ìdájí ni àwọn èèyàn ti máa ń tò pẹ̀lú òdòdó àti lọ́fínńdà, tí ó bá di ọ̀sán àwọn apẹja á kó ẹ̀bùn náà sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ojú òkun. Ọkọ̀ kankan kò ní súnmọ́ àdúgbò náà lọ́jọ́ yẹn. Tí ìyẹn bá jẹ́ ìdí ìrìn àjò yín, ẹ ti balẹ̀ kí ẹ sì ti wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ má ṣe fi ọjọ́ yẹn ṣe ọjọ́ ìbalẹ̀.

Nígbà Carnaval, Barra gan-an ni ó máa ń há, nítorí pé ọ̀kan lára ọ̀nà ńlá tí àwọn ọkọ̀ olórin ń gbà ni láti ilé iná Barra lọ sí Ondina. Ibi tí mo yìn fún àgbà á wá di ibi tí wọn ò ní lè sùn. Ọjọ́bọ̀ ọdún Bonfim nínú Oṣù Kìíní yàtọ̀: ìsàlẹ̀ ìlú ni ìwọ́de náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kìlómítà mẹ́jọ sì ni wọ́n ń rìn pẹ̀lú aṣọ funfun lọ fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim pẹ̀lú omi olóòórùn dídùn. Ẹ lè sùn ní Barra láìsí ìṣòro.

Òjò máa ń pọ̀ láti Oṣù Kẹrin sí Oṣù Keje. Tí ẹ ò bá tìtorí ọdún kankan lọ, Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kọkànlá ló rọrùn jù: òjò dín, èrò kò tíì dé.

Ẹ kó aṣọ funfun dání nígbàkígbà tó bá jẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Òṣàálá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará ìlú ló sì máa ń wọ funfun. Iná wọn jẹ́ fólítì 127, ti Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 230, nítorí náà áyọ́ọ̀nù tí ẹ bá gbé lọ kò ní gbóná dáadáa. Ẹnu ihò iná wọn náà yàtọ̀ sí tiwa, ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń so ó kí ẹ tó kúrò nílé.

Ètò tó ní ilé òrìṣà nínú

Tí ẹ bá ń fi ètò oníṣòwò méjì wéra, ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ohun tí wọ́n kọ nípa ilé òrìṣà. Ilé ńlá mẹ́ta tí òkìkí wọn kàn ni Casa Branca ní òpópónà Vasco da Gama, Gantois ní Federação, àti Opô Afonjá tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910. Àwọn ilé yìí wà láàyè, àwọn ọmọ wọn ń sìn níbẹ̀ dòní, wọn kì í ṣe ibi ìran wíwò. Ètò tó bá ṣèlérí ìbọ òrìṣà lọ́jọ́ tó bá ẹgbẹ́ lára mu, ẹ fura sí i. Èyí tó bá sọ fún yín pé àwọn á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé náà, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbà, ìyẹn ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ béèrè bóyá amọ̀nà jẹ́ ọmọ ilé òrìṣà tàbí ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀.

Tí wọ́n bá sì gbà yín, ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí obìnrin wọ síkẹ́ẹ̀tì tó kọjá orókún, kí ọkùnrin má wọ ṣòkòtò péńpé. Ẹ fi fóònù sínú àpò. Wọ́n lè ní kí ọkùnrin jókòó lápá kan, kí obìnrin jókòó lápá kejì. Ẹ ó gbọ́ orin tí ẹ ó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé omijé á bọ́. Ẹ má ṣe ro pé ẹni tó ń kọ ọ́ á lè bá yín sọ Yorùbá lẹ́yìn náà. Èdè Pọtogí ni wọ́n ń sọ nílé. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin wọn ṣe fún wọn. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ kí ìyá tó ni ilé náà, kí ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá nà sí yín, kí ẹ sì dúró títí wọ́n á fi ṣe tán, bí bọ́ọ̀sì tilẹ̀ ń dúró níta.